Síǹkì Ilé Ìdáná Wa: Ẹ Má Tíì Sọ Ọ́ Nù

  Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ni.

Gbogbo ẹni tó ń dáná ní ilé ìdáná ẹgbẹ́ wa ló mọ síǹkì tòkúnbọ̀ onígbá méjì tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó lọ sí Èkó ló rà á wá lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù òyìnbó àlòkù. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yọ ọ́ nínú ilé onílé, tòun ti ẹ̀rọ orí rẹ̀ ni wọ́n sì tà á fún wa. Ẹ̀rọ náà ní ọwọ́ méjì, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún omi tútù. Ó ní ọrùn gígùn tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn yẹn ni nǹkan kan wà tó dà bí ìbọn ìṣeré ọmọdé, tí họ́ọ̀sì so mọ́ ọn nídìí lábẹ́ síǹkì. Bí a bá fà á jáde tí a tẹ̀ ẹ́, omi á máa fọ́n jáde bí òjò. Afọ́nmi ni àwọn olóńjẹ wa ń pè é, orúkọ yẹn náà la ó máa pè é níbí.

Ẹni tí kò bá dáná tà lè ní kí ni a fẹ́ fi afọ́nmi ṣe. Ẹ bi àwọn tó ń fọ ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta láàárọ̀. Ẹ bi Ìyá Alámàlà tí ìkòkò rẹ̀ kò lè gba abẹ́ ọrùn ẹ̀rọ. Afọ́nmi ló ń bá wọn fọ inú ìkòkò láìjẹ́ pé wọ́n gbé e dìde.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Omi ń kán lẹ́nu ọrùn lẹ́yìn tí a ti tì í pa. Omi ń sun nídìí ọrùn, ó ń ṣàn lọ sára ògiri. Afọ́nmi fúnra rẹ̀ wá ń tọ̀ bí ọmọ ìkókó. A pe púlọ́ńbà kan. Kò tú nǹkan kan, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, ó kàn ní gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́, àfi kí a ra tuntun. Iye tó pè pọ̀ débi pé àwọn ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé kí olúkúlùkù dá owó. Ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wa ti ní rárá o, àwa tí a kì í ra aṣọ láì tú u wò, ṣé a ó wá ra ẹ̀rọ tuntun láì tú ti àtijọ́ wò? Ọmọ ọ̀kan nínú wa tó kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó ń tú, àwa ń wò, àwa ń kọ sílẹ̀. Ohun tí a rí náà la fẹ́ sọ fún yín, torí púpọ̀ nínú yín ló ní irú ẹ̀rọ yìí nílé tàbí ní búkà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ omi tó ń kán yẹn, torí àwọn kan sọ pé kí ni ẹ̀kán omi jámọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ti ṣírò rẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ń kán ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò fi omi tó lé ní 3,000 gálọ́ọ̀nù tiwọn ṣòfò lọ́dún. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ó tó nǹkan bíi lítà 31 lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan kún, ó tún lé. Bó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a ń ra omi lọ́wọ́ onítánkà, owó wa ló ń kán yẹn, tọ̀sán tòru.

Ó wá di ọ̀rọ̀ afọ́nmi. Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ ní láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ìdí ọrùn ẹ̀rọ, níbi tí ojú ò tó, nǹkan kékeré kan wà tí kò tó ìka ọwọ́. Diverter lorúkọ tí ẹ ó fi bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ṣùgbọ́n àwa sọ ọ́ ní mẹ́gáàdì, torí iṣẹ́ ẹnu géètì ló ń ṣe. Nígbà tí a ò bá tẹ afọ́nmi, mẹ́gáàdì á ṣílẹ̀kùn fún omi kó gba ọrùn ẹ̀rọ jáde. Bí a bá ti tẹ afọ́nmi báyìí, omi inú họ́ọ̀sì ti rí ọ̀nà lọ, agbára tó wà níhà ibẹ̀ á dínkù, mẹ́gáàdì á sún díẹ̀, á ti ilẹ̀kùn ọrùn pa, gbogbo omi á yà sí họ́ọ̀sì. Omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í síwá sẹ́yìn. Bí yanrìn tàbí ìpẹtà bá há mọ́ ọn lára, kò ní lè sún mọ́. Omi á máa jáde lọ́rùn, á sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu afọ́nmi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò tíì fọwọ́ kan ọrùn rárá. Abẹ́ síǹkì ló kọ́kọ́ wò, ìtìjú sì mú wa. Kẹ́ẹ̀gì epo, ìkòkò tó ti lu, àpò èédú, ọsẹ ìfọbọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ló jókòó lé họ́ọ̀sì afọ́nmi lórí, ó ti lọ́ bí ìfun adìẹ. Họ́ọ̀sì tó bá ti lọ́, omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá dáadáa. A kó ẹrù kúrò, a na họ́ọ̀sì, omi pọ̀ sí i díẹ̀, àmọ́ kò tíì tó.

Ó wá ṣe ìdánwò kan tó dùn mọ́ wa, kò sì gba irinṣẹ́ kankan. Ó fi ọwọ́ lásán tú orí afọ́nmi kúrò lẹ́nu họ́ọ̀sì, ó ki ẹnu họ́ọ̀sì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní ká ṣí ẹ̀rọ. Bí omi bá tú yàà láti ẹnu họ́ọ̀sì, orí afọ́nmi ló di. Bí omi bá ṣì ń ṣe tín-ín-rín, tí èyí tó pọ̀ ń gba ọrùn jáde, a jẹ́ pé mẹ́gáàdì ló ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Tiwa, méjèèjì ni. Tín-ín-rín ni omi ń ṣe nínú họ́ọ̀sì, nígbà tí a sì gbé orí afọ́nmi sókè sí ìmọ́lẹ̀, ihò tó ṣí níbẹ̀ kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Èérí funfun bí ẹfun ló dí ìyókù. Omi bọ́họ́ọ̀lù wa ló ń gbé e wá. A fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, a bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i, a rẹ orí afọ́nmi sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ó. Ẹni tó bá ní fínígà lè lo ìyẹn. Asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ọrùn ẹ̀rọ náà, bákan náà ni a ṣe é.

Kí ẹ tó tú ọrùn, ẹ pa omi. Ó yẹ kí kọ́ọ̀kì kékeré méjì wà lábẹ́ síǹkì. Tiwa ò ní, èyí tó wà lẹ́nu tánkì la tì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ẹ̀rọ kí omi tó kù nínú páìpù jáde tán. Ẹ wá fi àkísà dí ojú ihò síǹkì, torí àwọn súkúrù ibẹ̀ kéré, bí wọ́n bá fi lè wọ ibẹ̀, ó di kí ẹ máa wá wọn nínú gọ́tà. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu sípánà kó má baà bó ara ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló de ọrùn mọ́lẹ̀. Bó bá ti tú, ẹ máa yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ṣe ń fà á sókè. Ohun gbogbo tó bá jáde, ẹ tò ó sórí tírè ní títẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń pàtẹ, kí ẹ lè mọ èyí tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù alátẹ̀ẹ́tàn, ẹ yà á ní fọ́tò.

Nídìí ọrùn yẹn, a rí rọ́bà róbótó tí wọ́n ń pè ní ó-ríìǹgì. Ọ̀kan ti já, èkejì ti gan bí awọ gbígbẹ. Ibẹ̀ ni omi ti ń sun lọ sára ògiri. Mẹ́gáàdì wà ní àárín gbùngbùn. Ti ẹ̀rọ mìíràn, ẹ ó fi súkúdíráfà tú u, òmíràn, ẹ ó kàn fi píláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó fà á yọ jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí tiwa jáde, ìpẹtà ló bò ó, pupa bí osùn, yanrìn mẹ́ta sì há sínú rẹ̀. Yanrìn mẹ́ta péré! Ohun tí wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ gba owó ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ wa nìyẹn. A fọ̀ ọ́ nínú omi ọsàn kan náà, a ń tẹ̀ ẹ́ wò, ó ń sún, ó ń padà. A ò ra òmíràn. Bó bá jẹ́ pé rọ́bà ara rẹ̀ ti ya ni, kì bá tí ṣeé fọ̀, à bá ní láti mú un dání lọ sí ọjà Ọdúnadé ní Orílé l'Ékòó láti wá irú rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu lásán ṣàpèjúwe fún ọlọ́jà o, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún họ́ọ̀sì àti nọ́ọ̀tì tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀. Ẹrù Amẹ́ríkà àti ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀kan náà, ti Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú páìpù tiwa. Èyí tí wọ́n ń pè ní ààbọ̀ íǹṣì, eyín 14 ló wà nínú íǹṣì kan nínú àwọn méjèèjì, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ jọ wọra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbẹ́ eyín náà yàtọ̀, nǹkan á le lójijì, ẹni tó bá sì fi agbára yí i, ó di jíjò.

Omi tó ń kán lẹ́nu ọrùn ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ọwọ́ ẹ̀rọ ló ti ń wá. Ẹ ṣí ìdérí kékeré orí ọwọ́ náà, ẹ tú súkúrù rẹ̀, ẹ yọ ọwọ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pá kan tí wọ́ṣà wà nídìí rẹ̀. Wọ́ṣà wa ti jẹ yípo bí ẹni fi ọ̀bẹ fá a. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ ki ìka bọ ibi tí wọ́ṣà máa ń jókòó lé. Bó bá dán, ó dára. Bó bá rí gbákugbàku, wọ́ṣà tuntun kò ní pẹ́ tí yóò tún fi jẹ, àfi kí púlọ́ńbà bá yín há ibẹ̀ kó dán tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan máa ń gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ṣe wọ́ṣà. Ti ẹ̀rọ ìta tí a fi ń fọ ilẹ̀, a ò bá wọn jà. Ti ilé ìdáná, a ò fọwọ́ sí i, torí ó ń ya dúdú sínú omi, ó sì ń rùn. Ẹ má sì fi Vaseline pa rọ́bà kó lè wọlé o. Ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ rọ́bà wú kó sì rọ̀. Omi ọsẹ díẹ̀ tó.

Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ọlọ́wọ́ kan, wọ́ṣà kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Rọ́bà kékeré méjì tí sípíríìnì wà lábẹ́ wọn, tí bọ́ọ̀lù kan jókòó lé lórí, ló wà nínú òmíràn, òmíràn sì jẹ́ odidi àgbá kékeré tí a kàn ń yọ tí a ń fi irú rẹ̀ rọ́pò. Nǹkan kan péré la fẹ́ rán yín létí lórí ọlọ́wọ́ kan: bí ẹ ò bá ní omi gbígbóná nílé, ẹ má fi ẹnu páìpù ti omi gbígbóná sílẹ̀ gbayawu. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá wà láàárín, omi tútù á gba inú ẹ̀rọ kọjá, á tú síta lábẹ́ síǹkì. Ẹ fi ìdérí dè é.

Nígbà tí a tò ó padà, a ò tíì dá asẹ́ àti orí afọ́nmi padà sẹ́nu wọn. A kọ́kọ́ ṣí omi kó fi agbára gbá ìdọ̀tí inú páìpù jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibi tí a ti fọ̀ á tún di lójú ẹsẹ̀. Jíjò dúró, kíkán dúró, afọ́nmi ń fọ́n. Owó tí gbogbo rẹ̀ ná wa, owó wọ́ṣà, owó ó-ríìǹgì àti ọsàn wẹ́wẹ́, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí púlọ́ńbà àkọ́kọ́ pè.

Àwọn kan ń ráhùn síbẹ̀ pé afọ́nmi ò lágbára bí èyí tí wọ́n rí nílé ọmọ wọn lókè òkun. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ kọ́ ló sì jẹ̀bi. Gíga omi ní mítà 10 ló ń mú agbára bar 1 wá. Ilé wọn lọ́hùn-ún, agbára bíi bar 3 sí 4 ló sábà ń wà nínú páìpù, òun ni wọ́n sì fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe irú mẹ́gáàdì yìí. Tánkì wa kò ga ju mítà 4 lọ, kò tó ààbọ̀ bar. Ẹni tó bá fẹ́ kó lágbára jù báyìí lọ, ọ̀rọ̀ gíga tánkì ni kó gbé wá sí ìpàdé, kó má tún dá ẹ̀rọ lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ọ̀rọ̀ owó lọ, a sì bẹ ẹ̀yin olóńjẹ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. A ti rí i pé àwọn kan máa ń fi afọ́nmi sílẹ̀ nínú omi àwo tí wọ́n ń fọ̀, orí rẹ̀ á rì sínú omi ọlọ́ràá. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi họ́ọ̀sì fa bẹntiróòlù nínú mọ́tò. Bí ó bá ti fà lẹ́ẹ̀kan, á máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi lè ṣe níbí. Bí tánkì bá gbẹ, tàbí tí ẹnìkan ṣí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà tí omi ò sí, páìpù lè fa omi ìdọ̀tí gba ẹnu afọ́nmi padà wọnú ara rẹ̀, pàápàá bí ẹnìkan bá tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn tàbí tí kò bá padé dáadáa mọ́. Omi yẹn náà la ó pọn fún oníbàárà mu. Lọ́dún 2024 tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe ṣe. Ilẹ̀ níbi tí omi ti ń lọ tí kì í dúró, tó sì lágbára nígbà gbogbo, ewu yìí kò pọ̀ tó tiwa tí omi ń wá tó ń lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti lo afọ́nmi tán, ẹ dá a padà sínú ihò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ òjé. Ẹ̀rọ tó ti pẹ́, òjé máa ń wà nínú idẹ rẹ̀. Ọdún 1986 ni òfin Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi ààlà sí òjé nínú páìpù omi mímu, ó sì di ọdún 2014 kí wọ́n tó dín in kù sí ìdá 1 nínú 400 nínú ẹ̀rọ tuntun. Tiwa ti dàgbà ju ìyẹn lọ dájúdájú. Òjé kì í ṣe nǹkan eré fún ọmọdé: lọ́dún 2010 ó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rùn ọmọ ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta wúrà. Ti inú ẹ̀rọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó bá sun inú ẹ̀rọ mọ́jú ló máa ń fà á jù. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kó jẹ́ kí omi ṣàn fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a fi ìyẹn fọ ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọ inú ìkòkò, kò gbọdọ̀ wọ inú ògì ọmọ. Bí ara ẹ̀rọ náà bá lu tàbí tó sán lọ́jọ́ iwájú, nígbà náà la ó gbà pé ó tó ra tuntun.

Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yìí nílé tí kò rí mẹ́gáàdì rà, kò ní láti sọ ẹ̀rọ nù. Kí púlọ́ńbà bá a fi ìdérí dí ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ ìdí ẹ̀rọ, ọrùn á máa ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Wọ́ṣà méjì àti ó-ríìǹgì mẹ́ta tó ṣẹ́kù wà nínú agolo mílíìkì lórí pákó tó wà lókè síǹkì. Ọwọ́ Ìyá Alámàlà ni kọ́kọ́rọ́ ẹnu tánkì wà. Sípánà tí a lò, a yá a ni, a sì ti dá a padà. Ẹni tó bá ní èyí tí kò lò nílé, kó bá wa mú un bọ̀ ní ìpàdé Ọjọ́rú.